Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì ní Hamburg

Òkè-Àró,
Àkúrẹ́.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ wa ńkọ́, ṣé òtútù ibẹ̀ kò dà wọ́n láàmú? Gbogbo wa nílé la dúpẹ́. Ìyá mi ní kí n kí ọ, ó ní o kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àwọn ìbejì gbàgbé èdè wa.

Mo ti dé Ayétòrò, ìlú àwọn Ìlàjẹ létí òkun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa. Olùkọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ìlàjẹ ni, òun ló mú mi lọ kí àwọn òbí rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ni ọ̀rọ̀ ìlú náà kò ti kúrò lọ́kàn mi, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún tó ọ. Ṣé o rántí ẹ̀kọ́ ìtàn wa nílé-ẹ̀kọ́ girama? Tí wọ́n bá dárúkọ etíkun, Èkó ni, tàbí Bàdágìrì. Ta ló sọ fún wa rí pé ìpínlẹ̀ tiwa náà dé inú òkun? Kòkó àti òkè àpáta nìkan ni wọ́n fi kọ́ wa, èmi gan-an náà sì ti ń fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún pípẹ́. Ó dùn mí púpọ̀.

Ìrìn náà kò le. Láti Àkúrẹ́ a gba Oǹdó, a gba Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa, òkè ń tán lọ díẹ̀díẹ̀, ọ̀pẹ ń pọ̀ sí i, títí a fi dé Igbókọ̀dá. Ibẹ̀ ni a ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, tí a wọ ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì. Kí a tó wọ̀ ọ́, mo rin ọjà wọn yíká: ẹja yíyan, edé, ẹní, àti pupuru roboto tí èéfín ti pa ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rẹ ni wọ́n ń fún, tí wọ́n á mọ ọ́n roboto, tí wọ́n á gbé e sórí iná kó gbẹ. Bí o bá fẹ́ jẹ ẹ́, wàá ha ẹ̀yìn dúdú yẹn kúrò, wàá gún inú rẹ̀, wàá kù ú, wàá wá rò ó lórí omi gbígbóná. Ọbẹ̀ ẹja tútù ni wọ́n fi fún mi jẹ níbẹ̀, mo sì bèèrè òmíràn.

Má ro ti iyanrìn funfun o. Ẹrẹ̀ ni etíkun Màhín, níbi tí Ayétòrò wà, ẹrẹ̀ dúdú rírọ̀ tí ẹsẹ̀ ń rì sí. Orí irú ilẹ̀ yẹn ni wọ́n tẹ ìlú dó sí.

Apẹja Ìlàjẹ ni àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó, ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù sì ni wọ́n. O mọ̀ pé ọmọ Ìkàrẹ́ tiwa ni Moses Orímọládé, tí òun àti Christiana Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá ìjọ náà sílẹ̀ ní Èkó ní 1925. Nígbà tí ìjọ yìí dé ẹsẹ̀ odò, àwọn kan nínú wọn dìde, wọ́n ní pípa ìbejì kò gbọdọ̀ sí mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Ìbejì. Táyé àti Kẹ́hìndé tí à ń se ẹ̀wà fún lónìí, àwọn ibì kan wà tí èèwọ̀ ni bíbí wọn jẹ́. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí àti àwọn ẹbọ míràn tí wọ́n kọ̀, àwọn ará ìlú ṣe inúnibíni sí wọn títí wọ́n fi fi ilé sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1947, wọ́n kó ara wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ òkun, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìlú tiwọn. Àwọn Àpósítélì Mímọ́ ni wọ́n ń pe ara wọn.

Wọ́n fi ohun gbogbo ṣe ti gbogbo wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn inú Bíbélì ti ṣe. Owó ẹja àti owó aṣọ wọ inú àpò kan ṣoṣo, láti inú àpò yẹn sì ni oúnjẹ, aṣọ àti ilé ti ń kan oníkálukú. Kò sí owó oṣù. Ọba wọn, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ogeloyinbo, ló ń darí ìlú, òun náà ló ń darí ìjọ. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló wú mi lórí jù. Wọ́n kọ́ ilé pákó sórí òpó, wọ́n fi pákó ṣe títì la ìlú já, ọkùnrin ní apá kan, obìnrin ní apá kejì. Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi kí ọkọ̀ lè ti inú ọ̀sà wọlé. Wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe ọṣẹ àti bàtà, wọ́n ń yan búrẹ́dì. Ní 1953, ọdún méje kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀. Apẹja ni wọ́n o, kò sí ìjọba tó bá wọn ṣe é.

Màmá àgbàlagbà kan tí a lọ kí sọ fún mi pé ọmọdé lòun nígbà yẹn, òun kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní owó. Ó jókòó, ó ń fi ọwọ́ júwe ibi tí ilé ìdáná gbogbogbòò wà, ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ, ibi tí ọkọ̀ ti ń wọlé. Gbogbo ibi tó ń fọwọ́ hàn mí, omi ni. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá òótọ́ ni pé wọ́n máa ń fi ọmọ sọ́dọ̀ àgbà mìíràn tọ́, ó ní òótọ́ ni. Èmi kò lè gbà bẹ́ẹ̀, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ. N kò lè bímọ kí n sì gbé e fún ẹlòmíràn nítorí àdéhùn ìlú. Ó sì dájú pé kò rọrùn fún àwọn náà, nítorí ní ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n ti gbà kí oníkálukú máa ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní torí èyí fojú kéré ohun tí wọ́n ṣe.

Òkun ti gbé ilé púpọ̀ lọ. Àwọn kan ti ṣí láti ibì kan dé ibòmíràn léraléra, tí omi sì tún lé wọn bá níbẹ̀. Ilẹ̀ yẹn kò ga, kò sì le, òkun sì ń ga sí i bí ayé ṣe ń móoru. Ní apá Awóyè, nítòsí ibẹ̀, ọ̀nà omi tí ilé-iṣẹ́ epo gbẹ́ ní àwọn ọdún 1970 ni omi iyọ̀ gbà wọ inú àbàtà, tó pa igi àti ẹja omi aládùn. Láti 2004 ni wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ ìdènà òkun Ayétòrò jáde. Mo wò yíká, n kò rí ògiri kankan. Inú bí mi, Ìyá Ìbejì. Bí ó bá jẹ́ Èkó ni, ṣé báyìí ni a ó ṣe máa wò ó?

Ọ̀rọ̀ kan kù tó kàn ọ́ níbi tí o wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1885, àwọn oníṣòwò Gaiser láti Hamburg bá Amapetu, ọba Màhín, ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ etíkun yìí, kí wọ́n lè máa kó epo pupa jáde láìsan owó ibodè fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba Jámánì ti fi ilẹ̀ náà lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Jọ̀wọ́, bí o bá ráyè, bá mi lọ sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí ní ìlú yín. Béèrè bóyá wọ́n ní ìwé, máàpù tàbí àwòrán tí orúkọ Mahin wà nínú rẹ̀. Kí Bàbá Ìbejì bá ọ kà á, nítorí mo mọ̀ pé èdè Jámánì rẹ̀ dá múṣẹ́.

Èmi náà ń múra. Mo ti sọ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa pé mo fẹ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ gba ohùn àwọn àgbà Ayétòrò sílẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán ilé tó kù, kí wọ́n kọ orúkọ àdúgbò tó ti wọ omi sílẹ̀. Ó ti fọwọ́ sí i, owó ọkọ̀ ni a ń wá. Kọ̀wé sí mi kí a tó wọlé sáà tó ń bọ̀, kí n lè mọ ohun tí a ó bá wọn béèrè nípa Màhín.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àdùnní