Ẹ Yẹ Fáìlì Zip Wò Kí Ẹ Tó Tú U

Sí Olóòtú,

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Agbowó, ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ àwọn fáìlì zip (àpò tí wọ́n ń di ọ̀pọ̀ fáìlì sínú rẹ̀, tí a ní láti tú kí a tó lò wọ́n) tí àwọn èèyàn tí a kò mọ̀ rí fi ń ránṣẹ́ sí wa sì ń kọ mí lóminú gidigidi. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé títú u kò léwu, pé ìgbà tí a bá ṣí ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni wàhálà lè dé. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n kọ sára fáìlì kọ̀ọ̀kan nínú zip ló ń sọ ibi tí yóò balẹ̀ sí. Bí oníṣẹ́ ibi bá kọ àmì ../ (tó túmọ̀ sí “padà sí fódà tó wà lókè èyí”) léraléra síwájú orúkọ náà, ohun èlò tí a fi ń tú zip tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò yóò gbé e kọjá fódà tí a yàn fún un, ó sì lè fi í rọ́pò fáìlì mìíràn tó ṣe pàtàkì. Ọdún 2018 ni Snyk, ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà, tú àṣírí àléébù yìí, tí wọ́n pè ní Zip Slip. Òmíràn tún wà, 42.zip, tí kò ju kílóbáìtì 42 lọ, àmọ́ tí yóò wú kọjá pẹtabáìtì 4 (ìyẹn gígábáìtì mílíọ̀nù mẹ́rin) bí a bá tú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kọ́kọ́ wo orúkọ àwọn fáìlì inú zip kan láì tú u: èyí tí wọ́n pè ní iṣẹ́ àṣekágbá parí sí .pdf.exe, ìyẹn ni pé ètò kọ̀ǹpútà (.exe) ni, tí wọ́n ṣe orúkọ rẹ̀ bí ìwé PDF. N kò tú u. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wa ní àyẹ̀wò yìí.

Èmi ni tiyín,
Atẹ̀wé kan ní Agbowó, Ìbàdàn