Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ọ̀nà Ọba Ni Kí Ẹ Gbà

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín o. Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Númérì 20, láti ẹsẹ 14 dé 21.

Mósè ránṣẹ́ láti Kádéṣì sí ọba Édómù pé kó jẹ́ kí Ísírẹ́lì gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ó kọ́kọ́ rán an létí pé ọmọ ìyá ni wọ́n, nítorí Ésáù àti Jákọ́bù ló bí wọn. Àmọ́ kò fẹ̀yìn ti ìyẹn nìkan. Ó dárúkọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà, ìyẹn ọ̀nà ọba. Ó ní àwọn kò ní ya sínú oko tàbí ọgbà àjàrà ẹnikẹ́ni, àti pé bí ẹran ọ̀sìn àwọn bá mu omi, àwọn yóò sanwó rẹ̀. Édómù kọ̀ jálẹ̀, ó sì kógun jáde. Ísírẹ́lì yí padà, wọn kò já bodè.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá n'Ìbàdàn gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń tajà dé Kétu, Àjàṣẹ́ àti Kùtọnu ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn mìíràn sì ní ẹbí níbẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi pín ilẹ̀ Yorùbá níbẹ̀. Kétu, níbi tí ààfin Alákétu wà, bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì la Ìlárá sí méjì. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń gbọ́ pé, "Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń lọ, kí ni mo fẹ́ fi ìwé ṣe?" Ọmọ ìyá Édómù ni Mósè náà, ó ṣì tọrọ ọ̀nà.

Òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fọwọ́ sí ní 1979 fún wa láàyè láti wọ ilẹ̀ ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Kò sọ pé ká má mú ìwé dání. Ẹ nílò pásípọ́ọ̀tù tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS tí àwọn Imigiréṣọ̀n ń fúnni, pẹ̀lú yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Pélébé NIN kì í ṣe ìwé ìrìnnà. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 lára kí káàdì náà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá gbà á, ó tó fún gbogbo ayé yín. Ẹni tó ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́, ẹ̀fọn kì í ka káàdì o. Ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ fún yín ní wíwọlé àti ní jíjáde, torí òǹtẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń ka 90 ọjọ́ náà. Ọkọ̀ ara ẹni ní 90 ọjọ́, ọkọ̀ èrò tàbí ti ẹrù ní 15 péré, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ajé láàárín ìlú wọn. Ẹ mú Brown Card, ìyẹn ìwé adójútòfò, dání.

Ibi ẹrù ni wàhálà pọ̀ sí. Irè oko tí a kò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí, ẹran ọ̀sìn, ẹja àti iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ bí àdìrẹ, wọn kì í gba owó ibodè lórí wọn bó bá jẹ́ ilẹ̀ ECOWAS ló ti wá. Ọjà ilé iṣẹ́ nílò ìwé tó fi orísun rẹ̀ hàn, ọjà náà sì gbọ́dọ̀ ti wà lórí àkọsílẹ̀ ECOWAS. Ìrẹsì Thailand tó kàn gúnlẹ̀ sí èbúté Kùtọnu kì í ṣe ọjà ECOWAS, bí ẹni tó tà á fún yín tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Kétu. Ìjọba wa kò gba ìrẹsì àti tòkunbọ̀ láàyè láti ẹnubodè orí ilẹ̀, kò sì gba òkìríkà láti ibi kankan. Àgbàdo tiwa náà wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kì í jẹ́ kó jáde. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni: ṣé wọ́n gbà kó kọjá? Ṣé wọ́n ń gbowó lórí rẹ̀? Èkejì nìkan ni ọ̀pọ̀ máa ń bi ara wọn.

Fàyàwọ́ ni yíyà sínú ọgbà àjàrà. Nígbà tí ìjọba ti bodè pa ní oṣù kẹjọ 2019, fàyàwọ́, pàápàá ti ìrẹsì, ni wọ́n kà sí ẹ̀sùn. Oṣù kejìlá 2020 ni Ṣẹ̀mẹ̀ tó ṣí, ó di oṣù kẹrin 2022 kí Ìdí-Ìrókò tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé náà jìyà, torí tòmátì kì í dúró de ìjọba. Bí aṣọ́bodè bá sì béèrè owó, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè rìsíìtì.

Ẹ̀yin tó ní alájọṣe lọ́hùn-ún, ẹ ka Àwọn Ọba Kìíní 5. Sólómọ́nì àti Hírámù, ọba Tírè, ka nǹkan síra wọn lọ́wọ́: 20,000 òṣùwọ̀n àlìkámà lọ́dọọdún, 30,000 òṣìṣẹ́ tí 10,000 nínú wọn ń lo oṣù kan ní Lébánónì, oṣù méjì nílé. Nígbà tó di orí 9, Sólómọ́nì fún Hírámù ní 20 ìlú, inú ọkùnrin náà kò dùn sí wọn rárá. Ní tèmi, torí pé kò sí wọn nínú àdéhùn ìṣáájú ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye àpò, náírà ni àbí sẹ́fà, iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ wo, ta ni yóò san owó ibodè.

Ẹ̀yin akọrin tó ń lọ sí Kétu, ẹ mú ìwé yín wá sí ọ́fíìsì ìjọ lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀. Ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò bá ní tíì pé ọjọ́ 10 lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ń gbéra, yóò dúró de ìrìn-àjò mìíràn.