Ẹni tó dúró sídìí ògiri ló ń dí lénì, kì í ṣe ẹni tó ń rọra wẹ̀

Ọ̀gá Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà tí ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé yín kọ lórí rúdurùdu tó máa ń wà nínú adágún tí àwọn òmùwẹ̀ ti ń mú ara gbóná kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni náà dábàá pé kí wọ́n máa yọ àwọn ọmọdé àti àwọn tí kò yára kúrò nínú omi títí àwọn ọ̀gá yóò fi ṣe tiwọn tán, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, àwọn tó ń lọ́ra ló ń dí ọ̀nà. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kópa nínú ìdíje àwọn àgbà, mo sì ti ṣe òṣìṣẹ́ létí omi ní gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọ mi fi ń díje. Ohun tí mo fojú rí ní ìhà méjèèjì kò jẹ́ kí n lè di ẹ̀bi yìí ru ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àyè náà ti tó. Adágún tí wọ́n ń lò fún ìdíje Òlíńpíìkì gùn ní mítà 50, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi okùn pín, èyí tí gbogbo wa ń pè ní lénì, sì fẹ̀ ní mítà 2.5. Lásìkò ìdíje gan-an, ẹnì kan ṣoṣo ló ni lénì kan. Lásìkò ìmáragbóná, ogún ènìyàn lè wà nínú ẹyọ kan, tí àwọn kan ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ okùn kan, tí àwọn yòókù sì ń bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, bí ọkọ̀ ti ń lọ tó ń bọ̀ lójú títì. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ mítà 100. Bí a bá pín in fún ogún ènìyàn, mítà 5 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń rọra wẹ̀ máa ń lọ tó mítà kan àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ni àlàfo tó wà láàrin òun àti ẹni iwájú rẹ̀. Àlàfo náà tó. Lóòótọ́, eré ogún ènìyàn kì í dọ́gba, mo sì máa padà sórí ìyẹn, ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá ṣáà ń lọ, omi náà gbà wọ́n. Ìgbà tí ẹnì kan bá dúró ni ìṣirò yìí ń dàrú.

Ẹ wá dúró létí adágún ní ìdajì wákàtí ṣáájú ìdíje kí ẹ sì wo ìdí ògiri dáadáa. Ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ẹ óò bá níbẹ̀, tí wọ́n kẹ́yìn sí ògiri, tí wọ́n na apá lé okùn: ẹnì kan ń nu awò ojú rẹ̀, ẹnì kan ń tún fìlà ìwẹ̀ dé, àwọn méjì ń sọ̀rọ̀ nípa ìdíje àná, ẹnì kan sì ń fojú wá kóòṣì rẹ̀ láàrin èrò. Kò sí èyí tó ní ibi lọ́kàn nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ láti òdìkejì, tó ti wẹ mítà 45, kò rí ibi tí yóò fọwọ́ bà, ó sì di dandan kí òun náà dúró. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró tì í, ẹni tó tẹ̀ lé ìyẹn náà dúró. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, lénì tó gba ogún ènìyàn tẹ́lẹ̀ kò gba mẹ́wàá mọ́, wọ́n á sì wá máa jágbe mọ́ ọmọ kékeré kan tó ń rọra bọ̀ láàrin wọn, nígbà tó jẹ́ pé òun nìkan ló ṣì ń wẹ̀.

Ẹni tó ń fi ẹ̀yìn wẹ̀ ni ìyà yìí ń jẹ jù. Kò rí iwájú rẹ̀. Àsíá tí wọ́n ta sókè omi ní mítà 5 sí ògiri, ní gíga mítà 1.8 ó kéré tán, ni ojú rẹ̀ ń wá. Bí ó bá ti kọjá lábẹ́ rẹ̀, yóò ka iye ìgbà tí apá rẹ̀ yóò yí, yóò sì na ọwọ́ sí ògiri láìbojú wẹ̀yìn. Ìmáragbóná ni àkókò tí ó fi ń dán kíkà náà wò nínú adágún tí kò tíì mọ̀ dunjú, kí ó má baà fi orí sọ ògiri nígbà tí ó bá ń sáré ní tòótọ́. Bí ó bá wá na ọwọ́ tí ó sì bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn dípò ògiri, ta ni a fẹ́ bá wí nínú àwọn méjèèjì? Ohun tó yẹ kí ẹni tó dúró ṣe kò sì le. Bí ó bá fẹ́ sinmi, kí ó sún mọ́ igun, kí ó fara ti okùn, kí ó fi àárín ògiri sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ yípo. Àwọn tó ń kọ́ adágún pàápàá ti ro ti ẹni yìí: ìlà dúdú tó wà nísàlẹ̀ omi parí ní mítà 2 kí ó tó kan ògiri, pẹ̀lú ìlà kékeré kan tó dábùú rẹ̀, kí òmùwẹ̀ lè mọ̀ pé ó tó àkókò láti yí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá gùn ju ìmí mẹ́ta lọ, kí ó jáde kúrò nínú omi, kí ó lọ parí rẹ̀ lórí àga.

Bí mo ti ń dá àwọn ẹlòmíràn lẹ́bi yìí, kò yẹ kí n fi ti ara mi pamọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo pẹ́ dé ibi ìdíje kan, ara mi kò sì balẹ̀. Mo wo lénì tó wà níwájú mi, n kò rí orí ẹnikẹ́ni nítòsí, mo sì fi orí bẹ́ sínú omi. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ kúrò lára ògiri nísàlẹ̀ níbẹ̀. Èjìká rẹ̀ ni ọwọ́ mi bà. Ká ní mo fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan yá jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, orí mi ìbá bá ọrùn rẹ̀. Kò fara pa, ṣùgbọ́n ó sunkún, ìyá rẹ̀ tó wà létí omi kò sì sọ ọ̀rọ̀ kankan sí mi. Ó kàn wò mí. Títí di òní, ìwò yẹn ṣì ń dùn mí ju èébú lọ.

Ohun tí mo gbàgbé lọ́jọ́ náà ni pé omi tí ènìyàn kò rí orí kankan lójú rẹ̀ kò ṣófo. Òfin ìdíje gba òmùwẹ̀ láàyè láti wà lábẹ́ omi títí dé mítà 15 lẹ́yìn tí ó bá ti fi ẹsẹ̀ ti ògiri, yálà ó ń fi ẹ̀yìn wẹ̀ ni, tàbí ó ń wẹ ìwẹ̀ labalábá, tí a ń ju apá méjèèjì síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní fírísítáìlì, tí a ń na apá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń fi ìmáragbóná dán an wò. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé níbi ìdíje tí wọ́n ti ń tọ́jú ètò dáadáa, ẹsẹ̀ ni gbogbo ènìyàn fi ń wọ omi: wàá jókòó létí ògiri, wàá fi ọwọ́ kan di etí rẹ̀ mú, wàá sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Fífi orí bẹ́ láti orí pèpéle tó wà lókè ògiri wà fún lénì kan tàbí méjì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún eré kúkúrú, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń lọ sí ìhà kan ṣoṣo, tí wọ́n ń jáde ní òdìkejì, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ rìn padà. Ẹni tó bá wẹ̀ padà nínú lénì bẹ́ẹ̀ ń dojú kọ ẹni tí yóò já lù ú láti òkè. Mo ti rí àgbàlagbà tó ṣe bẹ́ẹ̀, tó sì bínú pé wọ́n pariwo lé òun lórí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ tí a óò gbà náà tún wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sábà máa ń gbà nínú lénì. Ní Ọsirélíà, ọwọ́ òsì ni. Nínú ọ̀pọ̀ adágún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń jẹ́ kí lénì kan yí sí ọ̀tún kí èyí tó tẹ̀ lé e yí sí òsì, kí àwọn méjì tí okùn kan là láàrin lè jọ máa lọ sí ibì kan náà, kí apá wọn má baà pàdé lórí okùn. Kò sí èyí tó burú nínú gbogbo wọn. Èyí tó burú ni kí ènìyàn wọ omi láìkọ́kọ́ wo ibi tí àwọn tó bá níbẹ̀ ń gbà.

Ní ti àwọn tó yára, tí òǹkàwé yín ń gbèjà, mo mọ ohun tó ń bí wọn nínú. Iṣan tó ti gbóná kì í pẹ́ tutù bí ènìyàn bá jókòó, nítorí náà gbogbo wọn fẹ́ wà nínú omi ní àkókò tó súnmọ́ ìdíje wọn jù, àsìkò yẹn gan-an sì ni èrò ń pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọmọdé náà ní iṣan. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ẹlòmíràn, kí ó fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹni iwájú sì dúró ní igun bí ó bá dé ògiri kí ó jẹ́ kí ó kọjá. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìmí méjì lọ. Fífà á lẹ́sẹ̀ kò sí nínú àdéhùn, bẹ́ẹ̀ ni yíya sí àárín lénì láti kọjá nígbà tí ẹlòmíràn ń bọ̀ níwájú. Àárín yẹn kò gba ẹni mẹ́ta. Ìdajì lénì jẹ́ mítà 1.25, nígbà tí wọ́n ń ròyìn pé apá Michael Phelps, òmùwẹ̀ ará Amẹ́ríkà nì, bí ó bá nà án tán, fẹ̀ tó mítà 2.01. Ẹni tí apá rẹ̀ kò tó ìyẹn pàápàá kò lè na méjèèjì nínú ìwẹ̀ labalábá kí ó má gba ẹni tó ń bọ̀ létí. Nítorí náà ni àwọn tó mọ̀wà fi máa ń fi apá kan ṣoṣo wẹ̀ ẹ́ bí wọ́n bá rí ẹnìkan níwájú. Ike líle tí wọ́n ń so mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kò tilẹ̀ yẹ kí ó dé ibẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ti fi ojú gba ẹyọ kan rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn àgbà wa ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Nínú adágún ìmáragbóná, òmùwẹ̀ náà ló máa ń kọlu ènìyàn jù, nítorí pé ọmọdé ń bẹ̀rù, ó sì ń wo ọ̀tún wo òsì, ṣùgbọ́n ẹni tó ti gba àmì ẹ̀yẹ rò pé òun ni wọ́n tẹ́ lénì náà fún. Àwọn tó ga jù lágbàáyé kò bọ́ nínú rẹ̀. Níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní Rio de Janeiro lọ́dún 2016, omi tí Sun Yang, òmùwẹ̀ ará Ṣáínà, ta sí Mack Horton, òmùwẹ̀ ará Ọsirélíà, lára nínú adágún ìdánrawò di ìròyìn káàkiri ayé kí wọ́n tó díje rárá. Mo mọ̀ pé ohun tó wà láàrin àwọn méjèèjì ju omi lọ, ṣùgbọ́n inú adágún yẹn náà ló ti hàn síta.

Àwọn kóòṣì ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ gidi. Ta ló ń pe òmùwẹ̀ dúró ní àárín ògiri láti sọ fún un pé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ń wálẹ̀ jù? Ta ló ń kó ọmọ mẹ́jọ jọ sídìí ògiri kan náà láti ka ètò iṣẹ́ fún wọn, nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn ń gbìyànjú láti yípo láàrin wọn? Kóòṣì ni. Ọmọ tí kóòṣì rẹ̀ bá pè kò lè sọ pé òun kò ní dúró. Bí kóòṣì bá rìn sí igun kí ó tó lanu, tàbí tí ó ka ètò náà fún wọn kí wọ́n tó wọ omi, ìdajì ìjà tó wà níbẹ̀ yóò tán láìsí pé a lé ọmọ kankan jáde. Bí wọ́n bá sì lé àwọn ọmọ náà jáde gẹ́gẹ́ bí òǹkàwé yín ti fẹ́, ibo ni wọn yóò ti kọ́ bí a ti ń bá èrò wẹ̀, nígbà tí àwọn náà bá di ọ̀gá?

Ohun tí mo ń bẹ àwọn olùṣètò ìdíje fún kéré. Kí wọ́n pín àkókò láàrin àwọn ẹgbẹ́, kí gbogbo èrò má baà já sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n kọ ẹ̀gbẹ́ tí lénì kọ̀ọ̀kan ń gbà sára pèpéle rẹ̀, ní lẹ́tà gàdàgbà tí ẹni tó bọ́ awò ojú lè kà. Kí wọ́n sì fi òṣìṣẹ́ kan sí ìdí ògiri kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa sọ fún àwọn tó dúró pé kí wọ́n sún sí igun, ì báà ṣe ọmọdé, ì báà ṣe ẹni tó ti gba wúrà. Bí wọn kò bá rí ẹni tí yóò kọ́kọ́ dúró síbẹ̀, èmi ṣe tán. Mo ní fèrè.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àgbà òmùwẹ̀ kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín