Lẹ́tà Ìparí Sáà Kẹta sí Àwọn Òbí: Láíbìrì Wa, Owó Ìdógò àti Ilẹ̀kùn Tó Kọjú sí Títì

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ sì kú ojú òjò. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí sáà kẹta parí ní àlàáfíà, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yín látìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké kúrò nílẹ̀. Káàdì èsì ìdánwò yóò jáde lọ́jọ́ tí a bá ti ilé-ẹ̀kọ́. Òbí tàbí alágbàtọ́ ni kó wá gbà á, a ò ní fi rán ọmọ. Àwọn SS3 ti ṣe WAEC tán. Àwọn JSS3 náà ti parí BECE. Ọjọ́ Àṣà lọ dáadáa. Fìlà mẹ́ta àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan tí wọ́n gbàgbé sí gbọ̀ngàn wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Owó ilé-ẹ̀kọ́ sáà tó ń bọ̀ kò yí padà. Ọjọ́ tí kàlẹ́ńdà Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bá fi sí ni a ó wọlé, kò sí àfikún ọ̀sẹ̀ kankan fún ẹni tó bá rìnrìn àjò.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ láíbìrì, òun ló jẹ́ kí lẹ́tà yìí gùn.

Ẹ mọ̀ pé ilẹ̀kùn méjì ni láíbìrì wa ní. Ọ̀kan kọjú sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, èkejì kọjú sí títì. Ní àsìkò họ́lídè, ti títì ni a máa ń ṣí, láti aago 9 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán, ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, fún gbogbo ọmọ Èbúté Mẹ́ta tó bá fẹ́ kàwé. Látìgbà tí omi ti ba àwọn ìwé kan jẹ́ ní oṣù Kẹfà ni lẹ́tà ti ń wọlé sí ọ́fíìsì mi, ọ̀rọ̀ sì ti gba orí WhatsApp àwọn òbí kan. Wọ́n ní àwọn ọmọ àdúgbò ló ṣí fèrèsé sílẹ̀. Wọ́n ní nítorí ìyẹn ni a ṣe fi kún owó ìdógò tí ọmọ ń san kí ó tó yá ìwé. Wọ́n ní kí a ti ilẹ̀kùn títì pa.

Omi yẹn kò gba ojú fèrèsé wọlé. Ewé igi àti ọ̀rá omi mímu ló dí ẹnu páìpù tó ń gbé omi òrùlé sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí òjò oṣù Kẹfà dé, tó jẹ́ pé oṣù yẹn gan-an ni òjò Èkó máa ń pọ̀ jù, omi kò rí ọ̀nà lọ, ó kún gọ́tà òrùlé, ó sì gba ẹ̀yìn dà sára ògiri. Inú ògiri ló gbà sọ̀kalẹ̀ dé ẹ̀yìn pẹpẹ àwọn ọmọdé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá ni ìwé ti tutù, láti apá tó kọjú sí ògiri. Àwọn tó wà lórí tábìlì abẹ́ fèrèsé, ìkán omi kan kò kàn wọ́n. Bó bá jẹ́ fèrèsé ni, àwọn yẹn ni ìbá kọ́kọ́ rẹ. Yàtọ̀ sí èyí, òru ọjọ́ Àìkú ni, ilẹ̀kùn méjèèjì sì wà ní títì láti ọjọ́ Ẹtì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ka ẹ̀sùn yìí sí ọmọ ẹnikẹ́ni lọ́rùn mọ́.

A ti fa pẹpẹ náà kúrò lára ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 10, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ẹ̀yìn rẹ̀. Pákó ìsàlẹ̀ ti ga sí i ní sẹ̀ǹtímítà 15 kúrò nílẹ̀, nítorí omi àti nítorí ikán. A ti fi nẹ́ẹ̀tì wáyà bo ẹnu páìpù, a ó sì máa kó gọ́tà ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta títí oṣù Kẹwàá yóò fi parí. Bí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó tán. Ó ń bọ̀ padà ní oṣù Kẹsàn-án.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ ni bí a ṣe gba ìwé náà là, èmi ó sì sọ ọ́. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ wa tó ń tún ìwé ṣe ló ṣiṣẹ́ yẹn, JSS2 ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ìbá ti sá ìwé tútù sí oòrùn, tàbí kó tiẹ̀ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Oòrùn máa ń jẹ́ kí bébà ká kó sì pọ́n, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìwé á gan, á sì sán. Àwọn ọmọ yìí gbé ìwé kọ̀ọ̀kan nàró, wọ́n ya ojú rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, wọ́n tan fáànù sí yàrá láìdojú rẹ̀ kọ ìwé. Tíṣù funfun ni wọ́n fi ń sáàárín ewé ìwé, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti mumi tán. Wọn kò lo ìwé ìròyìn rárá, torí yíǹkì rẹ̀ á ràn. Àwọn ìwé olójú dídán, ìyẹn àwọn tí bébà wọn ń kọ mànà, ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ, wọ́n tú u ní ewé kọ̀ọ̀kan nígbà tó ṣì tutù. Bí irú bébà yẹn bá gbẹ pọ̀, ó ti di odidi pákó nìyẹn, kò sí ẹni tó lè ṣí i mọ́. Àárín wákàtí 48 ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí, nítorí lẹ́yìn ìyẹn, nínú ooru Èkó yìí, ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ìwé tó ti bu kò gbọ́dọ̀ padà sórí pẹpẹ, á ran àwọn yòókù.

Àwọn ọmọ yìí kan náà ló ń lẹ ewé tó ya. Síbí sítáàṣì 1 sí síbí omi 5, kí wọ́n rò ó lórí iná kékeré títí yóò fi ki, kí ó tutù, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín pa á sára bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó, kí nǹkan wúwo wà lórí rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mi ò tíì rí ọmọ ọdún 12 tó ń ṣe irú iṣẹ́ báyìí ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ní agbègbè yìí, mo sì ń fi wọ́n yangàn. Ẹ̀yin ẹ má lẹ ìwé láíbìrì nílé. Sẹ́lótéèpù jẹ́ èèwọ̀: kò ní pẹ́ pọ́n, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á wọ inú bébà, kò ní ṣeé yọ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dá ìwé tó ya padà bó ṣe rí.

Ó kan owó ìdógò. Lóòótọ́, ó kúrò ní 2,000 náírà, ó di 5,000 náírà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ kò lọ sórí òrùlé. Ìdógò ni, ọjọ́ tí ọmọ bá dá ìwé tó kẹ́yìn padà pẹ̀lú káàdì rẹ̀, a ó ka owó yín lé yín lọ́wọ́, tí ẹ bá mú rìsíìtì wá. Ìdí tó fi gbéra ni pé 2,000 náírà kò lè ra ìwé àwòrán ọmọdé kan mọ́. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú bébà tí wọ́n fi ń tẹ̀wé ní Ṣómólú ti ń wá. Ilé iṣẹ́ bébà tí ìjọba kọ́ sí Ìwópin àti Oku-Iboku kò fún wa ní ohun tí a fojú sọ́nà fún, nítorí náà bí dọ́là bá ti gòkè, ìwé náà ń gòkè. Látìgbà tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà máa wá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, ẹ̀yin tó ń ṣòwò ní Oyìngbò kò nílò pé kí n ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òbí tí ìdógò rẹ̀ kò ju owó ìwé lọ kì í rántí dá ìwé padà. Ọ̀rọ̀ náà le, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́jú láíbìrì mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn.

Ìwé 2 ni ọmọ lè yá lẹ́ẹ̀kan, fún ọjọ́ 14. Ó lè tún un yá lẹ́ẹ̀kan sí i bí ẹlòmíràn kò bá ń dúró dè é. Ẹni tó bá pẹ́ yóò san 50 náírà lójúmọ́, kò sì ní ju 1,000 lọ. Ẹni tó bá sọ ìwé nù yóò ra irú rẹ̀, tàbí kí a yọ ọ́ nínú ìdógò. Ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ tú nítorí pé ó ti gbó, tí ọmọ sì wá sọ fún wa, a ò ní gba nǹkan kan. Èyí tí wọ́n fi bírò kọ nǹkan sí, tàbí tí wọ́n dà epo ọ̀fadà lé lórí, tí wọ́n wá kó o mọ́ àárín ìwé mìíràn, a ó gba owó rẹ̀.

Ní ti ilẹ̀kùn títì, kò ní tì. Iye kan náà ni àwọn ọmọ àdúgbò ń san kí wọ́n tó yá ìwé. Ẹni tí kò bá ní i yóò jókòó kàwé níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo wọn ń kọ orúkọ sí rẹ́jísítà kí wọ́n tó wọlé, ilẹ̀kùn tó wọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yóò sì wà ní títì ní gbogbo họ́lídè, kò sí ẹni tó máa dé kíláàsì. Púpọ̀ nínú ìwé Yorùbá tó wà ní pẹpẹ 896.333, ìyẹn nọ́ńbà tí láíbìrì fi ń to lítíréṣọ̀ Yorùbá, àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní àdúgbò yìí ló gbé e wá. Àwọn ìyá àti bàbá àgbà tó ń wá pa àlọ́ fún àwọn ọmọ yín ní gbogbo Ọjọ́rú, láìgba owó ọkọ̀, ilẹ̀kùn yẹn ni wọ́n ń gbà. Ẹ ò lè ní kí ìyá àgbà wá pa àlọ́ fún ọmọ yín, kí ẹ sì ní kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ dúró sí títì.

Àlọ́ Ọjọ́rú yìí náà ni mo fẹ́ kí ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín pàdánù. Àpamọ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, àpagbè tẹ̀lé e, àwọn ọmọ ló ń gbe orin. Lẹ́yìn náà wọn á lọ sí pẹpẹ 398, níbi tí ìwé àlọ́ wà, láti wá ìtàn tó jọ èyí tí wọ́n gbọ́, láti ilẹ̀ mìíràn. Ọjọ́ Ajé ni a ń kọ́ wọn bí nọ́ńbà pẹpẹ ṣe ń ṣiṣẹ́, pé 500 ni sáyẹ́ǹsì, pé 641.5 ni oúnjẹ sísè, kí wọ́n lè dá ìwé wá láìbi ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun wà fún kíkà jẹ́jẹ́, Ọjọ́bọ̀ fún ayò àti ṣẹ́ẹ̀sì. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, Ọjọ́ Ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà Àgbáyé tí wọ́n ti ń ṣe láti 1967, ni a máa fi kádìí rẹ̀ bí a kò bá tíì wọlé.

Àwọn kan ń béèrè pé ṣé a ò lè sọ ọ́ di lẹ́sìn họ́lídè tó ní Maths àti English. Rárá. Ẹni tó bá fẹ́ lẹ́sìn, ó wà káàkiri Yábàá. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nílé ni pé kí ọmọ kàwé sókè fún yín fún ìṣẹ́jú 20 lójúmọ́. Láti mọ̀ bóyá ìwé bá a mu, ẹ ṣí ojú ewé kan ní àárín, kí ó máa ká ìka kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò mọ̀. Bí ìka márààrún bá tán kí ojú ewé tó parí, ìwé náà ṣì le. Ẹ jẹ́ kó mú òmíràn.

Èyí tó kẹ́yìn, mi ò sì ní yí i padà: láíbìrì kì í ṣe ibi ìtọ́jú ọmọ. Àga 32 ni a ní, olùtọ́jú ìwé kan ṣoṣo ni. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 gbọ́dọ̀ bá àgbàlagbà wá, kí àgbàlagbà náà sì dúró tì í. Aago 2 ni a ń ti ilẹ̀kùn. Ọmọ tí wọn kò bá tíì wá mú ní aago 2 ààbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a ó gba káàdì rẹ̀ títí a ó fi wọlé. Ẹ má pe olùtọ́jú ìwé lórí fóònù pé go-slow ló mú yín ní afárá.

Fọ́ọ̀mù láíbìrì họ́lídè fún àwọn ọmọ yín wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ẹ kọ orúkọ ẹni méjì tó lè wá mú ọmọ àti nọ́ńbà fóònù wọn, kí ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú owó ìdógò kó tó di Ọjọ́bọ̀. A ò ní forúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ọ̀gá Ilé-ẹ̀kọ́