Ẹ jẹ́ kí mọ́dẹ́ẹ̀lì irin jíjó sọ ibi tí iṣẹ́ dé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí tipẹ́ lórí àwa tá à ń fi kọ̀ǹpútà ya iṣẹ́ irin jíjó, ìyẹn irin tí wẹ́dà fi iná lẹ̀ mọ́ra, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé e jáde kí àwọn ẹnjiníà, àwọn wẹ́dà àti àwọn ọmọ tó ń kọ́ CAD, ìyẹn fífi kọ̀ǹpútà ya iṣẹ́, lọ́wọ́ lè rí i kà. Ọ̀pọ̀ nínú wa, iṣẹ́ tó ti parí nìkan là ń yà. A máa ya ìjókòó ẹ̀rọ bó ṣe máa rí lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé mọ́tò lé e, gbogbo ihò ti pé, gbogbo ojú ti tẹ́jú, a wá gbé àwòrán kan náà yẹn fún ẹni tó fẹ́ gé irin, a tún gbé e fún ẹni tó fẹ́ jó o, a tún gbé e fún ẹni tó wà nídìí mílíìnì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá irin, pé kí kálukú wá tiẹ̀ níbẹ̀. Kò dáa bẹ́ẹ̀ rárá.

Irin tí wọ́n bá jó kì í dúró bó ṣe wà. Irin tó gùn ní mítà kan, tó bá gbóná sí i ní 100 °C péré, á fi bíi mìlímítà 1.2 gùn sí i, ẹ sì mọ̀ pé ibi tí irin ti ń yọ́ sún mọ́ 1,500 °C nígbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Tí ibẹ̀ bá wá ń tutù, á máa súnkì, á máa fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ra, púléètì tó tẹ́jú tẹ́lẹ̀ á ká, igun tó jẹ́ 90° tẹ́lẹ̀ á sún. Kò sí wẹ́dà tó mọṣẹ́ débi pé irin ò ní fà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìlànà àgbáyé gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀: ISO 13920 ní kíláàsì B fún iṣẹ́ jíjó tó wà láàárín mìlímítà 400 sí 1,000 láyè láti fi mìlímítà 3 dín tàbí kó fi lé, ISO 2768 ní kíláàsì m sì fún gígùn kan náà ní 0.8 péré tó bá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé. Ihò bóòtù tó gbọ́dọ̀ bá ihò gíábọ́ọ̀sì mu, ibo ló ti fẹ́ rí mìlímítà 3 gbà? Ẹ̀yìn jíjó ni wọ́n gbọ́dọ̀ lu irú ihò bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni mọ́dẹ́ẹ̀lì wa, ìyẹn iṣẹ́ tá a yà sínú kọ̀ǹpútà, ti ń da àwọn èèyàn láàmú. Ká ní ojú ìjókòó náà gbọ́dọ̀ nípọn ní mìlímítà 20 tó bá parí, kó sì tẹ́jú dáadáa. Púléètì 25 ló yẹ kí wọ́n rà, kí wọ́n jó o, kí ẹ̀rọ wá fá 5 kúrò. Àmọ́ tó bá jẹ́ 20 lo yà sínú kọ̀ǹpútà tó ò sì ya nǹkan míì, lísìtì ohun èlò tó máa jáde á sọ pé 20, ẹni tó ń ra irin á ra 20, ẹ̀rọ laser tó ń gé irin á gé 20, wọ́n á jó o, á ká, ẹni tó wà nídìí mílíìnì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó máa fá. Tó bá fá a kó tẹ́jú, á fẹ́lẹ́ jù. Mo ti rí i lójú ara mi níbi tí ilé iṣẹ́ kan ti lu gbogbo ihò tán kí wọ́n tó jó o, torí pé ihò wà nínú àwòrán púléètì tí wọ́n gbé fún ẹni tó ń gé irin, nígbà tí wọ́n sì jó o tán, bóòtù ò wọlé mọ́. Gíríńdà ni wọ́n fi ń fẹ ihò káàkiri. Ẹni tó gé e ò ṣẹ̀, ohun tó rí nínú àwòrán ló gé.

Inú ń bí mi sí i torí pé sọ́fítíwià ti ní ọ̀nà àtiṣe é láti ìgbà pípẹ́. Tó o bá fi Weldment, àṣẹ fún iṣẹ́ jíjó, sínú páàtì (fáìlì ẹyọ iṣẹ́ kan) ní SolidWorks, ọ̀kan lára sọ́fítíwià CAD, òun fúnra ẹ̀ máa dá ẹ̀dà méjì sílẹ̀, As Welded àti As Machined, kó o lè pa àwọn ihò àti ojú fífá rẹ́ nínú ti àkọ́kọ́, kí wọ́n sì wà nínú èkejì. Inventor, sọ́fítíwià míì, pín tiẹ̀ sí mẹ́ta: ìmúra sílẹ̀, jíjó, àti fífi ẹ̀rọ gé, o sì lè yan èyí tó o fẹ́ kó hàn nígbà tó o bá ń ṣe àwòrán. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ ṣá o, torí ohun tó o bá gé ní ìpele ìmúra sílẹ̀ yẹn, bíi kó o fá etí púléètì ní ìdagun kí jíjó lè wọnú, kò ní sí nínú fáìlì púléètì fúnra ẹ̀, inú àkójọpọ̀, ìyẹn fáìlì tó kó gbogbo páàtì pọ̀, nìkan ló wà. Tó o bá wá fi fáìlì púléètì yẹn ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń gé irin, etí gbọọrọ ni wọ́n máa gé fún ẹ. Bákan náà ni ihò tó o bá lù nínú àkójọpọ̀ ní SolidWorks, kò ní wọnú páàtì àfi tó o bá sọ pé kó wọ ibẹ̀, ohun tá a sì fẹ́ gan-an nìyẹn fún ihò tí wọ́n máa lù lẹ́yìn jíjó.

Tèmi o, fún iṣẹ́ ńlá, fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo fara mọ́. Ya àkójọpọ̀ jíjó bó ṣe máa kúrò lọ́wọ́ wẹ́dà, pẹ̀lú gbogbo àlékún tí ẹ̀rọ máa fá. Lẹ́yìn náà ṣí fáìlì tuntun, mú ti àkọ́kọ́ wọnú ẹ̀ látòkèdélẹ̀, Derive ni wọ́n ń pè é ní Inventor, Insert Part ni SolidWorks ń pè é, kó o wá gé e níbẹ̀. Tó o bá yí ti àkọ́kọ́ padà, ìkejì á tẹ̀ lé e, àmọ́ ohun tó o bá ṣe sí ìkejì ò ní ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Kálukú wọn á ní nọ́ńbà tiẹ̀, àwòrán tiẹ̀, àtúnṣe tiẹ̀. Ẹ̀dà méjì nínú fáìlì kan náà dáa fún iṣẹ́ kékeré, mi ò bá ẹni tó ń lò ó jà, ṣùgbọ́n ó rọrùn jù láti tẹ èyí tí kò yẹ kó o tẹ̀ jáde nígbà tí ọwọ́ bá há.

Ìwúwo náà ń kọ́? Púléètì mítà kan ní mìlímítà 600 tí wọ́n fi mìlímítà 5 kún nípọn, àlékún yẹn nìkan lé ní kìlógíráàmù 23. Ẹni tó fẹ́ fi kírénì gbé iṣẹ́ náà lọ sídìí ẹ̀rọ, ìwúwo tí wọ́n ò tíì fá ló kàn án, tó bá jẹ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì tó ti parí ló wò, irọ́ ló máa rí níbẹ̀.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ máa ya gbogbo àpá jíjó ní kíkún o, kọ̀ǹpútà á kàn máa fà ni, àmì jíjó ti ìlànà ISO 2553 tá à ń fi sínú àwòrán sì ti tó fún wẹ́dà. Àmọ́ níbi tí orí bóòtù ti máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá jíjó, tàbí níbi tí ọ̀bẹ mílíìnì máa gbà kọjá, ẹ yà á, ẹ̀yin fúnra yín ló máa rí i pé àyè ò sí.

Ihò míì tún wà tó jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ wà kí iṣẹ́ tó wọná. Tẹ́ ẹ bá jó páìpù tàbí àpótí irin tí ẹ sì dí i pa, tẹ́ ẹ wá fẹ́ gbé e sínú ìléru ní nǹkan bí 600 °C kí ara irin lè dẹ̀, tàbí ẹ fẹ́ rì í sínú sínìkì yíyọ́ tó gbóná tó nǹkan bí 450 °C, atẹ́gùn inú ẹ̀ á fẹ̀, tí omi bá sì wà níbẹ̀ ó lè bú gbàmù, èèyàn lè kú. Ihò tí atẹ́gùn máa gbà jáde yìí gbọ́dọ̀ hàn ní ìpele jíjó, bí wọ́n bá tiẹ̀ máa dí i padà tó bá yá. Nínú àwòrán iṣẹ́ tó ti parí, kò sí ẹni tó máa rí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní CAD, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bi wọ́n pé ta ló máa gba fáìlì yìí, kí ni irin náà sì jọ lọ́jọ́ tó dọ́wọ́ onítọ̀hún. Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ̀ ń buwọ́ lu àwòrán, ẹ má buwọ́ lu èyí tí wọn ò kọ ìpele rẹ̀ sínú àpótí àkọlé tó wà létí àwòrán: gígé, jíjó, tàbí fífi ẹ̀rọ gé.

Ẹ ṣeun.

Èmi ni òǹkàwé yín tó ń ya iṣẹ́ irin jíjó.