Eésún tí mo sun

Ìsẹ́yìn,
Oṣù Kẹfà.

Àlàó ọ̀rẹ́ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Ṣé oòrùn ti ń yọ ní Luton báyìí? Ilé kí ọ.

O béèrè àgbàdo mi. Kò dára. Kò ju ọ̀sẹ̀ karùn-ún lọ tí ọ̀mùnú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Mo fa ọ̀kan, ó bá mi lọ́wọ́ wá wẹ́rẹ́. Mo la igi rẹ̀, ìdin kan ká jọ síbẹ̀, lẹ́búlẹ́bú kún ihò tó gbẹ́ bí èyí tí ayùn káfíńtà ń dà sílẹ̀.

Ìyá ìdin yìí, àfòpiná, òru ló ń wá yé ẹyin sára ewé, ìwo orí rẹ̀ ló sì fi ń gbóòórùn oko. Àwọn onímọ̀ icipe, ilé ìwádìí kòkòrò, ní Mbita, létí adágún Victoria ní Kẹ́ńyà, àti ti Rothamsted, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ní Harpenden nítòsí yín níbẹ̀ yẹn, ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láti àwọn ọdún 1990. Wọ́n gbin ewéko kan tó ń jẹ́ Desmodium (èso rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ṣọ bí èèmọ́) sáàárín ebè. Òórùn rẹ̀ ń lé àfòpiná. Wọ́n wá fi eésún yí oko ká, kó máa fà á mọ́ra.

Eésún, Àlàó! Ní wákàtí àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ bá ṣú, òórùn tó ń tú jáde ń tó ìlọ́po 100 ti ọ̀sán; ti àgbàdo kì í ju nǹkan bí ìlọ́po 10 lọ. Òórùn koríko tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ni, èyí tí ìwọ náà mọ̀ dáadáa, torí kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í fi koríko jẹ wá níyà nílé ìwé. Àfòpiná á yé sí i, ẹyin á pa, ìdin á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ igi, oje eésún á sì mú un bí àtè. Díẹ̀ ló ń yè níbẹ̀.

Èmi wá rèé, tí mo sun gbogbo eésún ẹ̀bá oko lóṣù kẹta, kí oko lè mọ́ lójú àwọn àna mi!

Ẹ̀yà kòkòrò tiwa kì í ṣe tiwọn gẹ́lẹ́, n kò tíì lè fọ́nnu. Ṣùgbọ́n ìlà eésún mẹ́ta ni màá gbìn sí ìhà odò kí àgbàdo ìgbà kejì tó wọlẹ̀. Lálẹ́ àná, ìyàwó mi bá mi níbi ìyókù eésún, mo ń fimú fa afẹ́fẹ́. Ó ní ṣé orí mi pé. Òórùn ẹja yíyan ilé kejì nìkan ni mo gbọ́.

Èmi ni tìrẹ,
Àkànní