Orúnkún àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀. Ó ti sú mi kí agbábọ́ọ̀lù obìnrin ṣubú, kí àwọn èèyàn máa sọ pé egungun obìnrin ni kò lágbára.

Iṣan tó so egungun itan mọ́ ojúgun nínú orúnkún, tí àwọn dókítà ń pè ní ACL, máa ń já lára obìnrin ju ọkùnrin lọ ní ìlọ́po 2, ó kéré tán. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ fara kàn án. Ó fò sókè, ó fẹsẹ̀ kan balẹ̀, orúnkún yẹ̀ sínú, ó gbọ́ "pó!" Ó di ọ̀pọ̀ oṣù nílé. Ohun tí kò jẹ́ kí Leah Williamson, agbábọ́ọ̀lù obìnrin ilẹ̀ England, lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn obìnrin ti 2023 nìyẹn.

Ẹni tó ti fara pa rí ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣọ́. Àárẹ̀ náà wà lára ohun tó ń fà á, àti iṣan ẹ̀yìn itan tí kò lágbára tó ti iwájú. Bàtà ńkọ́? Ẹsẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n fi wọn ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n kàn dín in kù fún obìnrin ni.

Eré ìmáragbóná FIFA 11+ kò ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó sì ń dín ìfarapa kù. Kọ́ọ̀ṣì kan sọ fún mi pé òun ò ráyè ẹ̀. Àmọ́ ó ráyè kí àwọn ọmọbìnrin sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Èmi ni tiyín,
Agbábọ́ọ̀lù àtijọ́